Máàkì Méje Ìyá Vidosava

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́. Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ gbé ní ìrẹ́pọ̀ ni mò ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Zorana ni wọ́n ń pè mí. Ọgbọ́n wo?

Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bàbà létí abúlé wa ní Serbia ní kí n wádìí bóyá àwọn ará abúlé fọkàn tán àwọn. Mo gbé ìwé ìbéèrè, mo ń wọ ilé dé ilé.

Ìyá Vidosava, tó tọ́jú mi nígbà tí ara ìyá mi ò yá, fún mi ní ṣíbí èso tí wọ́n fi ṣúgà sè àti gíláàsì omi tútù, bí a ti ń ṣe fún àlejò. Inú ìgò tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ló ti bu omi náà. Bẹ́ẹ̀ kànga rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, omi rẹ̀ ni mo mu dàgbà. Mo rí ìgò náà. Mi ò béèrè, torí ìwé mi ò béèrè nípa omi.

"Nínú máàkì méje, Màmá, mélòó lẹ fún ilé iṣẹ́ náà?"

"Kọ méje, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Gbogbo ilé ló fún mi ní méje. Mo fi ṣe ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́, orí mi wú.

Nígbà tó yá, àwọn ará abúlé lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú pé kànga ti bàjẹ́, kí ilé iṣẹ́ fa omi ẹ̀rọ wá. Mo jókòó sẹ́yìn. Agbẹnusọ ilé iṣẹ́ gbé ìwé mi sókè. "Ọmọ yín ló kọ ọ́: méje nínú méje! Ẹ̀yin lẹ tún ń fẹjọ́ wa sùn?"

Alága kọjú sí Ìyá Vidosava. "Màmá, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́. Ọmọ wa ló bá iṣẹ́ wá sílé. Ṣé ká fún un ní ọ̀kan, kójú tì í lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀? Òun la fún ní méje. A ò fún ilé iṣẹ́."

Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì. Agbẹnusọ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé irọ́ lẹ wá kọ?"

Mo dìde. "Irọ́ ni. Mo rí ìgò omi lórí tábìlì wọn. Mo mu ún, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ó tó, ọmọ mi, jókòó," ni Ìyá Vidosava wí. Ohùn tó fi ní kí n kọ méje náà ló fi sọ ọ́.