Ẹ̀rọ Ayíbírí lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Láti ọjọ́ tí Ẹlẹ́dàá ti fi koríko bo ìhòòhò ilẹ̀ ni ó ti fi ogun kan tí kò lè parí sáàárín koríko àti ọmọ ènìyàn. A gé koríko lónìí, ó hù lọ́la. A jó o, ó tún rúwé lábẹ́ eérú, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ ènìyàn ni ó ń bínú, òun náà ni ó sì ń díbọ́n pé òun ti gbàgbé. Nínú ogun yìí, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ kì í sábà gé koríko, ẹni tí ó ń gé koríko kì í sábà ni ilẹ̀. Láàárín àwọn tí ń gé e pàápàá, ọ̀gá wà, ọmọ iṣẹ́ wà, ìlara sì wà láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láàárín àwọn ìjòyè ààfin. Nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan wà, tí ó fi ọdún mọ́kàndínlógún gé koríko ọgbà ilé ìwòsàn ńlá kan. Àǹtí Rọ́ra ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbé ohun mímú dání níwájú rẹ̀ tí kò ní sọ fún pé kí ó rọra.

Orí òkè ni ilé ìwòsàn náà wà. Níwájú rẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó kún fún ebè òdòdó, àga onísìmẹ́ńtì, àti igi tí àwọn aláìsàn ń gba atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn tí eegun wọn ṣẹ́, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó sì parí síbi gọ́tà jíjìn kan tí a fi òkúta mọ etí rẹ̀. Àǹtí Rọ́ra mọ gbogbo ibi tí omi ń sun sí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí bí ènìyàn ti ń mọ àwọn ibi tí pákó ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ti ń dún.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, tí ó padà sí yàrá ìyá wọn tí ó ń sùn títí oòrùn fi ń kan òrùlé, Àǹtí Rọ́ra ni ó bẹ Akọ̀wé Àgbà ilé ìwòsàn títí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ koríko. Ọdún kẹta rẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀gá wọn àtijọ́ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí ipò náà tọ́ sí. Àbúrò yìí náà mọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lọ sí ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, tí ó pa ilẹ̀kùn dé, tí ó sì sunkún. Ó ní ojú ẹ̀gbọ́n òun ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò mọ ejò yàtọ̀ sí rọ́bà tí a fi ń bomi rin òdòdó mọ́, pé òun ni òun ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tòun kí ojú má baà tì í. Ó wá fi ẹ̀bẹ̀ kún un pé kí Akọ̀wé Àgbà má ṣe jẹ́ kí ó gbọ́.

Akọ̀wé Àgbà jẹ́ aláàánú ènìyàn, ó sì gbà á gbọ́. Ó fi àbúrò jọ̀gá, ó sì gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí abà tí wọ́n ti ń tọ́jú òdòdó kéékèèké, kí ó máa bomi rin wọ́n. Oṣù kan kọjá kí ó tó wá kí i níbẹ̀, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, tí ó sì sọ fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé oníṣègùn ojú ṣì wà, àdúrà náà sì wà. Obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ méjì péré, gbogbo rẹ̀ sì tú sí i lójú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì padà sídìí agolo omi rẹ̀.

Ó lè sọ ní ojú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni, kí wọ́n yẹ ojú òun wò. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó pọ̀n. Bí wọ́n bá ká a mọ́ inú ọ́fíìsì, yóò tún sunkún, wọn yóò sì dárí jì í kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Kì í ṣe ipò nìkan ni Àǹtí Rọ́ra ń fẹ́ mọ́. Ó ń fẹ́ kí àbúrò òun já lulẹ̀ ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo àwọn tí ó jọ̀gá lé lórí, kí ó sì jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fa ara rẹ̀ lulẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì ń dúró.

Ọ̀gá tuntun ní tirẹ̀ ra awò dúdú ní ọjọ́ tí wọ́n fi í jọ̀gá, kò sì bọ́ ọ kúrò lójú mọ́, ìbáà ṣe nínú òjò. Gíláàsì ni wọ́n ń pè é bí ó bá ti kẹ̀yìn.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n ń gùn kú pátápátá. Bàbá Ẹ̀rọ, tí ń tún irin ṣe fún ilé ìwòsàn náà, tú u palẹ̀, ó wò ó, ó sì ní òun kì í jí òkú. Akọ̀wé Àgbà ní kí wọ́n ra tuntun, kí Gíláàsì sì yan èyí tí wọ́n máa rà. Oníṣòwò kan kó méjì wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Àkọ́kọ́ jẹ́ katakata kékeré, ó ní sítíárìn bíi ti mọ́tò, iwájú rẹ̀ gùn, ó sì ń rìn bí àgbàlagbà tí ó jẹun yó. Èkejì kò ní sítíárìn rárá: ọ̀pá méjì ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan ẹni tí ó bá gùn ún, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì, ó sì lè yí po lójú kan náà láì sún síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ayíbírí kí oníṣòwò tó pe orúkọ rẹ̀ tán. Oníṣòwò yin méjèèjì, ó yin Ayíbírí jù nítorí òun ni ó wọ́n jù, ó sì fi ìwé tí ó bá a wá sórí àga rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Àǹtí Rọ́ra ti yẹ ẹ̀rọ méjèèjì wò kí wọ́n tó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ tán. Ohun kan sì wà tí ó mọ̀ nípa àbúrò rẹ̀ tí ìyá wọn ni ó kọ́ ọ: bí o bá fẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ràn, fà á sí kọ̀rọ̀ kan kí o sọ ọ́ sí i létí, bí o bá sọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, òdì rẹ̀ ni yóò ṣe, ì báà pa á lára. Nípa ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi mú un kúrò lórí igi, kúrò lẹ́nu kànga, kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ burúkú méjì. Nítorí náà ni obìnrin náà ṣe dúró dìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì tí ń gba iṣẹ́ àti àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, tí Akọ̀wé Àgbà dé, tí gbogbo òṣìṣẹ́ koríko sì yí ẹ̀rọ ká. Ó wá gbé ohùn sókè, ó sì pe ọ̀gá náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà tí ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní.

“Má ra Ayíbírí,” ó ní. “Ó dára láàárín òdòdó, ṣùgbọ́n kò ṣeé gùn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Táyà ẹ̀yìn ló fi ń yà. Bó bá ti yọ̀ báyìí, kò sóhun tó lè darí ẹ̀ mọ́, torí táyà iwájú kàn ń tẹ̀lé e kiri ni. Katakata ni kó o mú. Èmi ni mo tọ́ ẹ, mo mọ ibi tí agbára ẹ mọ.”

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú adájọ́, yóò yìn ín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn ni ó fi ṣe ìwọ̀, ó sì rí i tí ẹja gbé e mì.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ríran.”

Ẹ̀rín sọ. Akọ̀wé Àgbà nìkan ni ó wo ilẹ̀. Àǹtí Rọ́ra tẹríba bí ẹni tí ìtìjú bá, ó sì padà sí abà rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú tí ó gbóná bí ibà. Ayíbírí ni wọ́n rà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dà bí ẹni pé Gíláàsì jàre. Ó ń gé koríko iwájú ilé ní wákàtí kan dípò mẹ́ta. Ó ń yí po ní ìdí igi bí oníjó, àwọn aláìsàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un láti orí àga wọn. Kò sún mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, títí koríko ibẹ̀ fi kan orúnkún. Lẹ́yìn náà ni òjò dé, ìròyìn sì tẹ̀ lé e pé ìgbìmọ̀ alákòóso ń bọ̀ wá wo ilé ìwòsàn ní ọ̀sán. Akọ̀wé Àgbà ní koríko ẹ̀yìn ilé kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá dé.

Gíláàsì rán òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ní òun ní ọmọ mẹ́rin. Ó rán èkejì, ìyẹn ní ìyàwó òun kò tíì fẹ́ di opó. Ó pe Bàbá Ẹ̀rọ, bàbá náà sì fi ọwọ́ epo nu imú, ó ní Àǹtí Rọ́ra ti sọ tẹ́lẹ̀, òun kò sì rí ẹni tí ó já a nírọ́. Orúkọ yẹn ni ó dun ọ̀gá jù. Ó ní òun fúnra òun yóò gùn ún, kí wọ́n dúró kí wọ́n wòran.

Ó wá sí abà láti mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti òdòdó inú agolo. Ó wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó wọ ti òsì, kò sì lọ. Ó bọ́ awò dúdú kúrò lójú. Ojú ọmọ tí wọ́n ń mú sọ̀ kalẹ̀ lórí igi ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ṣé koríko ẹ̀yìn yẹn ti gbẹ?”

Gbólóhùn kan tó. Bí obìnrin náà bá wí pé rárá, àbúrò rẹ̀ yóò jókòó ti àgbá omi, yóò wá àwáwí kan fún Akọ̀wé Àgbà, ọjọ́ náà yóò sì kọjá. Láti ibi tí ó dúró, Àǹtí Rọ́ra ń rí omi tí ń dán ní ìdí koríko láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ìwọ lo ríran,” ó ní. “Ìwọ ni kó o lọ wò ó.”

Ọkùnrin náà gbé awò rẹ̀ padà sójú, ó sì jáde.

Ó kọ́kọ́ gé òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó sì dára. Ó tilẹ̀ juwọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dorí ẹ̀rọ kọ ìsàlẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn yọ̀. Ó fa ọ̀pá méjèèjì padà, táyà dúró gbagidi, ẹ̀rọ kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ nínú àwo, ó ń yí bírí, ó tún ń yí bírí, kò sì sí ohun tí ọwọ́ ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ lè ṣe sí i. Ẹ̀rọ náà forí sọ òkúta etí gọ́tà. Ọkùnrin náà fò kọjá, ó sì balẹ̀ sínú gọ́tà, eegun itan rẹ̀ ṣẹ́, ó sì dún débi pé àwọn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì di ẹsẹ̀ wọn ní fèrèsé òkè gbọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ alákòóso ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Àǹtí Rọ́ra wà lára àwọn tí ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Ó di orí rẹ̀ mú dáadáa. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ó ní láti bu ètè rẹ̀ jẹ, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ni ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ ní yàrá òkè.

“Mo bi yín, Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ọkùnrin náà wí, láìwo ojú rẹ̀.

“O bi mí.”

“Ẹ sì mọ̀ pé kò tíì gbẹ.”

“Mo mọ̀. Láti inú abà ni mo ti ń rí omi tó wà níbẹ̀. Ojú mi tó o lọ sunkún lé lórí lọ́dọ̀ Akọ̀wé Àgbà, kò sóhun tó ṣe é. Mo ṣì mọ ejò yàtọ̀ sí rọ́bà. Ìwọ nìkan ni mi ò tètè mọ̀.”

Ọkùnrin náà yí ojú sí ògiri. Obìnrin náà tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ yẹn lára láti ìgbà pípẹ́, ó sì jáde.

Ìyá wọn ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ròyìn ohun gbogbo fún màmá náà, títí kan ìkìlọ̀ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe lójú gbogbo ènìyàn, kò sì bá a wí nítorí ìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ní.

“Ṣé ó wá bá ẹ nígbà tó ku ẹ̀yin méjèèjì?”

“Ó wá, Màmá.” Ó sì sọ ohun tí ọkùnrin náà bi í, àti èsì tí òun fọ̀. Ó tún sọ ti omijé inú ọ́fíìsì, tí ìyá kò gbọ́ rí. Màmá gbọ́ ọ tán, ó sì jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù méjì kà lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ohun tó ṣe sí ẹ burú,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n kí ó lè wà láàyè ni mo ṣe kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń mú un.”

Nígbà tí Akọ̀wé Àgbà rí i pé ìkìlọ̀ Àǹtí Rọ́ra ṣẹ, ó mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, wọ́n sì rí i pé kò sí àbùkù kankan lára ojú náà. Ó di ọ̀gá iṣẹ́ koríko, ó sì wà nípò náà fún ọdún mẹ́fà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ra katakata. Wọ́n tún Ayíbírí ṣe, wọ́n sì tà á fún pápá ìṣeré kan tí ó tẹ́jú, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àbúrò rẹ̀ lo oṣù mẹ́rin lórí ibùsùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, ó ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ ìforúkọ àwọn àlejò sílẹ̀ ní ẹnu géètì. Kò lo awò dúdú mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń kọjá ní òwúrọ̀, a kí i, òun náà a sì dáhùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wọn. Màmá lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ń gba ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àlejò, ó ń jẹ ohun tí ó bá gbé wá, ṣùgbọ́n kò tún fi ọ̀rọ̀ àṣírí kankan lọ̀ ọ́ títí ó fi kú. Bàbá Ẹ̀rọ ṣì ń tún irin ṣe. Àǹtí Rọ́ra kò kábàámọ̀, kò sì fi yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, a dìde, a lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.