Ìpè Lẹ́yìn Ilé Ìwé

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, torí pé tó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn na etí sí i. Àárín ọdún ló dé, nígbà tí iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, tí wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin. Kálukú ti ní ọ̀rẹ́ tiẹ̀ kó tó débẹ̀. Lọ́jọ́ tí tíṣà sọ pé kí gbogbo kíláàsì lọ fi ọgbọ̀n wákàtí ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ará ìlú, kí wọ́n mú ara wọn ní méjì-méjì, kíá ni àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrìgìrì. Àwọn kan ní àwọn á máa gbá ọgbà ilé ìwòsàn, àwọn kan ní àwọn á máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Jẹ́jẹ́ nìkan ló ṣẹ́kù, tó ń fi èékánná họ orí tábìlì bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀.

Tíṣà wò ó. "Ó ku iṣẹ́ kan," ló wí, "ẹnì kan péré ló sì ń ṣe é."

Yàrá kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkàwé ni: tábìlì kan, fóònù kan, àti ìwé tí nọ́mbà àwọn àgbàlagbà mẹ́rin wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń dá gbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí ilé ìwé bá ti jáde, kó pè wọ́n, kó bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, bóyá wọ́n ti lo oògùn, kó sì fàmì sí i.

Àwọn mẹ́ta kì í pẹ́ lórí fóònù. "A dúpẹ́, ọmọ mi," wọ́n ti pa á. Ẹnì kẹrin jẹ́ káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì.

"Mi ò ra nǹkan kan o!" Bó ṣe kọ́kọ́ dá a lóhùn nìyẹn.

"Ẹ káàsán, sà. Mi ò ta nǹkan kan. Ilé ìwé ni mo ti ń pè. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè! Àbí inú àpótí lo wà ni?"

Jẹ́jẹ́ pariwo débi pé obìnrin tó ń tọ́jú ìwé yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti lò ó. Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?"

Èyí ò sí nínú ohun tí wọ́n ní kó béèrè. "Oúnjẹ wà nílé, sà."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá oúnjẹ wà. Mo ní, ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣe é bákan. Àǹtí rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ aránṣọ ló ń gba gbogbo àkókò wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ tí wọ́n fi abọ́ dé sórí tábìlì ló máa ń kí ọmọ káàbọ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ń gùn sí i. Bàbá Káfíńtà ní òun máa ń tan rédíò sílẹ̀ ní pálọ̀, òun á wá lọ jókòó sí kíṣìnì, kó lè dà bíi pé àlejò wà. Jẹ́jẹ́ náà jẹ́wọ́ pé òun máa ń fọ abọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan lòun lò. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ọmọ yìí, àwa méjèèjì la nílò dókítà!"

Nígbà tí ọgbọ̀n wákàtí pé, tíṣà fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ó ní kó máa lọ sinmi. Jẹ́jẹ́ ní kò tíì rẹ òun.

Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù bàbá dún títí, kò gbé e. Jẹ́jẹ́ pè lẹ́ẹ̀marùn-ún, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, ó sáré lọ bá tíṣà. Tíṣà pe ọmọbìnrin bàbá tó wà ní ìlú mìíràn. Òun náà ò gbúròó bàbá rẹ̀ láti àná. Ni tíṣà bá gbé báàgì, àwọn méjèèjì gba ilé bàbá lọ. Aládùúgbò tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ilẹ̀ kíṣìnì ni wọ́n ti bá a. Ó ti ṣubú láti àárọ̀, kò lè gbé ẹsẹ̀.

"Bàbá, èmi ni o!" Jẹ́jẹ́ pariwo, bó ṣe máa ń ṣe lórí fóònù.

"Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ fóònù látilẹ̀ níbí. Mo ní, ọmọ yẹn ò ní jáwọ́." Ó wò ó tìyanu-tìyanu. "O ò ju báyìí lọ? Pẹ̀lú ohùn yẹn, mo rò pé géńdé ni ẹ́."

Ó di ọwọ́ Jẹ́jẹ́ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé.

Wọ́n yin Jẹ́jẹ́ níwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tí kì í wo ibi tó jókòó sí wá ń bi í bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà ti tutù.

Ọmọbìnrin bàbá mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, tíṣà fún Jẹ́jẹ́ ní nọ́mbà ibẹ̀. Ariwo ọmọdé ló kọ́kọ́ gbọ́, kí ohùn bàbá tó wọlé.

"Ṣé ìwọ nìyẹn? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Ara ti ń mókun o. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbádùn níbí, ilé kún fọ́fọ́. Wọ́n ti ń pè mí sídìí oúnjẹ. O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun gan-an ni."

Ó ti pa fóònù. Inú Jẹ́jẹ́ dùn fún un, dídùn tòótọ́. Síbẹ̀, ó di fóònù mú mọ́ etí fún ìgbà pípẹ́, tó ń dún tùùù.

Lọ́jọ́ náà, kò gba ilé lọ. Ó rìn dé ilé iṣẹ́ àǹtí rẹ̀, ó jókòó sórí òkúta lẹ́nu géètì, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní ìrọ̀lẹ́. Bí àǹtí rẹ̀ ti rí i, wọ́n sáré wá bá a.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Mo ní ká jọ rìn délé ni."

"Gbogbo ọ̀nà tó jìn tó báyìí?"

Jẹ́jẹ́ dìde lórí òkúta. Àǹtí rẹ̀ wá na ọ̀kan nínú ọwọ́ báàgì wọn sí i pé kí àwọn jọ gbé e. Ó ti rẹ àǹtí. Wọ́n ti rìn jìnnà kí àǹtí tó ní, "Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, agogo márùn-ún la máa jáde, tóo bá tún fẹ́ wá pàdé mi."

"Ó dáa, mà," ni Jẹ́jẹ́ wí.