Íàpíìsì Elétí

"Ẹ káre o, ọkọ mi! Ẹ wò ó bí ẹ ṣe mú un!"

Nọ́ọ̀tì irin kékeré kan ló já bọ́ sábẹ́ tábìlì, tí Ọ̀gá Rédíò bẹ̀rẹ̀, tó sì mú un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀ kan. Ọkùnrin náà ju nọ́ọ̀tì náà sínú àwo tó wà níwájú rẹ̀.

"Káre" ni à ń sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Bí èèyàn bá fi "ẹ" síwájú rẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí àgbà. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé apá òsì rẹ̀ lọ, tó sì dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń kí ọkùnrin yìí ní káre. Ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù, ẹ káre. Ó gun àtẹ̀gùn, ẹ káre. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tó ń jáde bọ̀ láti ilé ìwẹ̀ tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, títí dòní ni kò sì tíì mọ ohun tí òun ṣe níbẹ̀ tó gba àtẹ́wọ́.

Ẹni tí à ń wí yìí ti tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn oníbàárà máa ń bá a jà, wọ́n á búra pé àwọn ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, nígbà tó bá sì yá, wọ́n á tún gbé òmíràn wá. Àárò ìjà yẹn ń sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní títì láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ọkùnrin tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e fẹ́ gbà á, kó wó ògiri àárín méjèèjì, kó sì sọ ọ́ di ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ló ní òun á wá gbọ́ èsì.

"Ẹ jẹ́ kó gbà á," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí láti ọjọ́ yìí wá. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi."

Ọ̀gá Rédíò kò ní òun gbà, kò sì ní òun kọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ òun bá ṣì lè ṣe iṣẹ́ tó kéré tó sì le, òun ń padà sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Bí kò bá lè ṣe é, kí oníbàtà máa gbé bàtà rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ tí òun yóò sì fi mọ̀ ti wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

Íàpíìsì àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni. Àtìgbà tí ọmọ náà ti kéré ló ti máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tí yóò sì sọ pé, "Dádì, sípíkà yẹn ti ya," kí bàbá rẹ̀ tó tú rédíò rárá. Elétí ni bàbá rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ rédíò ni Elétí ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń tún ohùn àwọn èèyàn ṣe kó tó lọ sórí afẹ́fẹ́, íàpíìsì dúdú kékeré tó ń tì bọ etí méjèèjì yìí ló sì fi ń ṣe é. Kò gbẹ́kẹ̀ lé òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé e wá. "Ó tún ti já, Dádì. Ọrùn ibẹ̀ náà ni."

"Bí mo bá tún un so, á tún já," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ohun tó ń pa á ni pé wáyà yẹn ò ṣe é yọ. Mo fẹ́ la ara ẹ̀, kí n ri sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ ìdí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wáyà á máa wọlé, á máa jáde. Lọ́jọ́ tó bá já, o sọ ọ́ nù, o ki òmíràn bọ̀ ọ́, íàpíìsì ò ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀."

Elétí wo ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀. Wẹ́rẹ́ báyìí ló wò ó, ṣùgbọ́n bàbá rí i.

"Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ o, Dádì. Bí ara ẹ̀ bá lọ fọ́ ńkọ́?"

"Á fọ́ náà nìyẹn. Gbé e kalẹ̀."

Elétí gbé e kalẹ̀, ó sì wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Rédíò dìde láti lọ bu omi mu, ohùn ìyàwó rẹ̀ sì dá a dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Ohun yòówù tó bá ti ọwọ́ wọn jáde, sọ pé ó dáa. Dókítà ní ká máa fún wọn níṣìírí."

"Màmá, iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe."

"Íàpíìsì á tún wà. Bàbá mélòó lo ní?"

"Mo ti gbọ́, Mà," ni Elétí wí.

Ọ̀gá Rédíò kò mu omi náà mọ́. Ó padà sídìí tábìlì. Elétí nìkan ló kù tí òun lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ti bá adájọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ó mú bíléèdì. Ó fi tọ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ara íàpíìsì pọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi là. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mú. Ó mú pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ó kàn án mọ́ pátákó pẹlẹbẹ kan, ó sì fi ẹnu pẹ́ẹ̀gì di íàpíìsì mú. Ọwọ́ òsì kàn tẹ pátákó mọ́lẹ̀ ni, ìyẹn ò sì ni ín lára. Ọwọ́ ọ̀tún gbẹ́ ihò ìdí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ó ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó wá kan kó fi irin gbígbóná àti lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ọn. Wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, wọn ò nípọn ju irun orí lọ. Ẹsẹ̀ méjì ló sì wà nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó jó pupa mọ́ tirẹ̀, ó jó èkejì mọ́ tirẹ̀. Èéfín lẹ́ẹ̀dì gba imú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ti etí òsì ni kò fẹ́ gbọ́ràn. Bó ti tẹ̀ kò bá ẹnu pẹ́ẹ̀gì mu, nítorí náà, Ọ̀gá Rédíò dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ yá. Ó fi gúlù lẹ méjèèjì padà, ó ki wáyà tuntun bọ̀ wọ́n, ó sì fi fóònù dán wọn wò. Ó fi ti ọ̀tún setí, ó ń sọ̀rọ̀. Ó fi ti òsì setí, òun náà ń sọ̀rọ̀ ketekete. Orí rẹ̀ wú.

"Elétí o!"

Elétí ti múra iṣẹ́ tán. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti là sílẹ̀ de àtẹ́wọ́. Elétí ti íàpíìsì bọ etí, ó wá ohùn obìnrin kan tó ń ka ìròyìn jáde lórí fóònù rẹ̀, ohùn tó mọ̀ dunjú nítorí ọwọ́ òun náà ló ti gbà jáde. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀.

"Ó dáa, Dádì."

"Ẹ káre o!" Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. "Mo sọ ọ́! Ẹ káre!"

"Níbo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn dúró sí, ọ̀tún, òsì àbí àárín?" ni Ọ̀gá Rédíò bi ọmọ rẹ̀.

Elétí ń fi ìka tẹ fóònù rẹ̀.

"Ọmọ ní ó dáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kí lẹ tún ń wá?"

"Òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Ọ̀gá Rédíò kò gbójú kúrò lára ọmọ rẹ̀. "Gbọ́ mi. Mi ò lẹ́lòmíì tí mo lè bi. Bí o bá purọ́ fún mi lórí èyí, màá gbà á gbọ́. Bí mo bá sì jí lọ́la, mi ò ní mọ iṣẹ́ tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí ò dáa mọ́. Ẹni tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, kó gbé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fún oníbàtà ló kù."

Elétí yọ íàpíìsì létí. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀.

"Kò dáa, Dádì."

"Háà! Ìwọ ọmọ yìí!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kò dáa rárá. Obìnrin tó ń ka ìròyìn yẹn ò sí láàárín. Ohùn ẹ̀ fọ́n ká, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn orí mi, kò sì sí ohùn ìsàlẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ ti jó wáyà etí kan lódì. Etí kọ̀ọ̀kan lẹ fi dán an wò, àbí? Ẹ̀yin yìí náà lẹ kọ́ mi pé bí sípíkà bá jẹ́ méjì, ká gbọ́ méjèèjì pọ̀! Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe irú eléyìí ní ṣọ́ọ̀bù yín láyé ọjọ́sí, ìta lẹ̀ bá lé mi sí. Gúlù tún yọ síta níbí, ẹ wò ó." Omi ti lé sí i lójú. "Iṣẹ́ yìí ò yẹ yín, Dádì."

Ìyá rẹ̀ wá àga, ó jókòó.

Irọ́ ò dáa: ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ta Ọ̀gá Rédíò lára. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lára rẹ̀ rárá tí ayọ̀ fi gba ipò rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dìde lórí ibùsùn àìsàn, ẹnikẹ́ni ò tíì bínú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló ń bínú sí iṣẹ́ ọmọdé? Iṣẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ń bínú sí. Ọmọ tó sì dúró níwájú rẹ̀ yìí, tó ń fi omi ojú bá a wí, Ọ̀gá Rédíò fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sì sí àbùkù kan tí ojú ọmọ náà fò. Orí bàbá wú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kí ló tún kù?"

"Ó tán, Dádì."

"Gbé e wá."

Ó la ti òsì, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí nǹkan! Mo dojú ẹ̀ délẹ̀ nítorí pẹ́ẹ̀gì, mo wá ń jó o lọ bí ẹni pé ojú ẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹsẹ̀ pupa ni mo jó aláwọ̀ ewé mọ́." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Bá mi mú kútẹ́ẹ̀sì èékánná rẹ wá."

"Kútẹ́ẹ̀sì? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Màá fi sàmì sí ẹsẹ̀ pupa. Bí mo bá wá dojú ẹ̀ délẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, ojú mi á ṣì rí i."

Ìyàwó rẹ̀ mú un wá, ó sì dúró tì í. Ọ̀gá Rédíò tú wáyà méjèèjì, ó fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí ẹsẹ̀ pupa, ó jó wọn padà síbi tó yẹ, ó ha gúlù tó yọ síta kúrò, ó sì pa á dé. Bó ti gbé irin gbígbóná sílẹ̀, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń gbéra. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Obìnrin náà yára ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.

Elétí ti íàpíìsì bọ etí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tẹ orí. Ó di ojú. Ó yọ wáyà ọ̀tún, ó kì í padà, ó fa ti òsì wò. Ó wá ohùn mìíràn, ó tún wá òmíràn. Ó mú báàgì rẹ̀ lórí àga, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú íàpíìsì létí, ìka rẹ̀ ń lu báàgì náà bó ti ń lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ wo ọmọ yìí!" ni ìyá rẹ̀ kígbe. "Kò dúpẹ́, kò sì kí wa pé ó dàbọ̀!"

"Fi í sílẹ̀," ni Ọ̀gá Rédíò wí. "Kò gbọ́ ẹ."

Ó dìde, ó wọ ẹ̀wù sọ́rùn, ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, kò kí i ní káre.

"Oníbàtà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ o," ló wí níkẹyìn. "Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa gbé e bọ̀."