Ìbéèrè Kọkànlélógún Nínú Fọ́ọ̀mù Jẹ́jẹ́

Jẹ́jẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é. Kì í ṣe pé ó lọ́ra o. Ọwọ́ rẹ̀ ló tutù. Ó lè fi abẹ yí etí ọmọdé tó ń sunkún ká kí ọmọ náà tó mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti ń gẹrun nínú ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan, láàárín ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Méjì ń yí, ẹ̀kẹta ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò yí mọ́, òun ni àwọn tó ń dúró máa ń jókòó sí.

Ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, ó sì ti gba ìwé ọmọ onílùú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìlú òkèèrè tí wọ́n ń gbé yìí ni wọ́n bí i sí. Nínú ilé èèyàn mẹ́ta, Jẹ́jẹ́ nìkan ni àlejò. Bí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé pápákọ̀ òfuurufú, ìlà tiwọn á máa yá, tirẹ̀ á máa wọ́ bí ìgbín. Ìyá àti ọmọ á ti dé ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á máa juwọ́ sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì bí ẹni tó wá kí ẹlẹ́wọ̀n. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó lọ kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀, á ní iṣẹ́ pọ̀. Bí iṣẹ́ bá dín, á ní ara òun ò yá. Ẹni tó ń sá fún ejò kì í sábà sọ pé ejò ni. Á ní oòrùn ló mú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó sì fa àga kan jáde.

“Bàbá, ẹ wá jókòó. Òní la ó parí ọ̀rọ̀ yìí.”

Àwàdà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní kí wọ́n sọ bí ó ṣe ga tó, ọmọ ní kó dìde kí òun wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé bàbá òun ò ga tó bó ṣe ń sọ. Fọ́ọ̀mù bi í bóyá ó ti ṣe sójà rí.

“Ìyá rẹ nìkan ni mo bá jagun,” ni Jẹ́jẹ́ wí.

“Mo ń gbọ́ yín o,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ títí wọ́n fi dé ìbéèrè kọkànlélógún. Ọmọ náà kà á sókè: “Ṣé ọlọ́pàá ti mú yín rí, tàbí kí ilé ẹjọ́ dá yín lẹ́bi ọ̀ràn kankan, bó ti wù kó kéré tó?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹni tí kì í sọdá títì tí iná ò bá tíì yí.” Kó tó pa ẹnu dé, ó ti tẹ Rárá, ó ti wà ní ìkejìlélógún.

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó mú aṣọ ìnuwọ́ dání. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ọmọ. Ó padà wọlé.

Jẹ́jẹ́ dáhùn gbogbo ìbéèrè tó kù, ṣùgbọ́n kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ náà ní kó jẹ́ kí òun fi í ránṣẹ́ kíá, ó ní rárá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun fẹ́ tún un yẹ̀ wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, kó tó mọ ìyàwó rẹ̀, abọ́ ló ń fọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọdún kejì tó dé ìlú náà ni ìyá rẹ̀ kú nílé. Ìwé rẹ̀ ò tíì gún. Bó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Orí fóònù ló ti gbọ́ ìsìnkú ìyá tó bí i, ariwo àwọn èèyàn àti ìró ṣọ́bìrì. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun kọ̀ ọ́. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń fọ abọ́ fún un ní igbó, ó ní á mú oorun wá. Ó sì mú un wá lóòótọ́. Oṣù méje ló fi mu ún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ọlọ́pàá méjì ní kó tú àpò rẹ̀. Wọ́n bá igbó tó fi bébà dì níbẹ̀, ohun tó wà nínú bébà náà kò kún páálí ìṣáná. Wọ́n bi í bóyá tirẹ̀ ni, ó ní tòun ni. Ó dé kóòtù, ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó san owó ìtanràn, wọ́n sì ní kó fi òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbá ọgbà ìtura. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra, ní gbólóhùn kan péré, wọn ò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ìyàwó náà ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un àbí èmi?”

“Jẹ́ kí n ronú sí i ná.”

“Ìrònú ọdún mọ́kànlélógún ò tíì tó ni?”

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú wọn lórí fóònù. Ọkùnrin yìí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè tí kò ní ìmọ̀ràn fún.

“Àbúrò, òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ta ló bi ọ́? Ìwé ọdún gbọọrọ báyẹn, eku ti jẹ ẹ́. Fi Rárá yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, inú kọ̀ǹpútà ni ìwé wà ńbí. Eku ò lè débẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n ní bí eku ò bá lè débẹ̀, kí àbúrò òun ṣe sùúrù.

Lọ́yà obìnrin kan wà tó máa ń jókòó sí ilé ìkàwé ní ọjọ́rú, tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́jẹ́ tò sí ìlà. Nígbà tó kàn án, ó sọ ọ̀rọ̀ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó wá ra ohun tó ń tì í lójú. Lọ́yà náà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Igbó yẹn kéré, bàbá. Wọ́n lè gbójú fò ó. Irọ́ tí ẹ bá pa lé e lórí ni kò kéré. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fún yín ní ìwé, wọ́n lè gbà á padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.”

“Bí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́?”

“Mi ò lè ṣèlérí. Àwọn kan wà tí mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n má kọ fọ́ọ̀mù rárá, torí ọ̀ràn tiwọn lè mú kí wọ́n lé wọn jáde nílùú. Kí n tó lè mọ ibi tí tiyín já sí, ẹ bá mi gba ìwé ìdájọ́ yẹn wá. Ẹ má sì fi ohunkóhun ránṣẹ́ kó tó dìgbà náà.”

Ọ̀rọ̀ “lé wọn jáde” yẹn bá a dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gẹ orí mẹ́rin lọ́jọ́ náà láì mọ ohun tí àwọn tó ni orí ń sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ yà wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé nígbà tó ti ilé ìwé dé. Kò sí oníbàárà kankan. Ó jókòó sórí àga tí kò yí, ó ń wo fóònù rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń fi sípíríìtì nu òòyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Fọ́ọ̀mù yẹn,” ló wí láì gbójú sókè. “Ìbéèrè kọkànlélógún. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀, kì í ṣe Rárá.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti bẹ́ǹṣì, ó sọ ti bébà, ó sọ ti kóòtù. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó rí i pé òòyà kan náà ni òun ti ń nù láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà kò pariwo. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Bàbá, ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n bá igbó nínú báàgì rẹ̀ nílé ìwé lọ́dún tó kọjá?”

Jẹ́jẹ́ rántí.

“Ẹ ní ẹni tó bá ti fọwọ́ kan igbó ti ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mo sì gbọ́ tiyín. Odindi sáà kan ló fi ń dá jẹun, èmi náà á jókòó sí tábìlì mìíràn, màá máa ṣe bí ẹni tí kò rí i.”

“Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù rẹ̀?”

“Rárá. Ẹ̀rù ara mi.”

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́ nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò dá sí i. Ó ní ọgbẹ́ tó bá ń jinná, a kì í ṣí i wò ní wákàtí wákàtí.

Ọjọ́ Ajé ni ṣọ́ọ̀bù máa ń wà ní títì, ìsinmi ilé ìwé sì ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ wọ bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ibi pàtàkì, ó fẹ́ máa lọ sí kóòtù. Ó bá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ti wọ bàtà.

“Níbo lò ń lọ?”

“Ta ló máa bá yín ka lẹ́tà kékeré wọn? Ẹ ò mú awò yín.”

Lóòótọ́, kò mú un.

Yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí wà ní ìsàlẹ̀ ilé ẹjọ́. Akọ̀wé kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì ló wà níbẹ̀. Ó gba orúkọ àti ọdún, ó wọ àárín àwọn pẹpẹ irin lọ, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé ó ti gbàgbé wọn. Ìwé kan ṣoṣo ló mú bọ̀, ojú ewé kan, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tiẹ̀ dé ìdajì.

Jẹ́jẹ́ dì í mú, kò gbà pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́kàn rẹ̀, fáìlì yẹn ti ga dé àjà. Gbogbo ọdún tó fi ń fi ìrọ̀rùn kí ọlọ́pàá lójú pópó, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fò, ìlà mẹ́jọ tí wọ́n fi táìpù tẹ̀ yìí ló ń lé e kiri.

Ọmọ rẹ̀ gbà á, ó ń kà á jẹ́jẹ́. Ọjọ́ orí olùjẹ́jọ́, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ewé igbó, gíráàmù méjì. Olùjẹ́jọ́ gbà pé òun jẹ̀bi. Ó dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ó dúró, ó tún un kà.

“‘Adájọ́ bi olùjẹ́jọ́ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Olùjẹ́jọ́ ní ìyá òun kú.’”

Jẹ́jẹ́ kò rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Ó rántí àwọ̀ ògiri kóòtù náà, ó rántí ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn òun, ṣùgbọ́n kò rántí pé òun la ẹnu.

“Ìyá àgbà?” ni ọmọ rẹ̀ bi í. “Mo rò pé ẹ lọ sìnkú wọn.”

“Mi ò lọ. Orí fóònù ni mo wà.”

Ọmọ náà fi ìwé náà sáàárín ìwé kíkà tó mú dání. “Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ máa ká a ni, á sì ya.”

Lọ́yà wò ó ní ọjọ́rú, ó ní èyí kì í ṣe irú ọ̀ràn tí wọ́n fi ń léni jáde, kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì fi lẹ́tà àlàyé tì í. Ọmọ ló tẹ lẹ́tà náà. Ikú ìyá ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ń kà á lè kọ́kọ́ káàánú. Jẹ́jẹ́ ní rárá.

“Kọ ohun tí mo ṣe ṣáájú, ká tó kọ ohun tó ṣe mí.”

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé ọmọ onílùú pè é. Òṣìṣẹ́ tó bá a sọ̀rọ̀ kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, kò sì jọ ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ó ka lẹ́tà náà lójú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

“Ṣé ẹ ṣì ń mu ún?”

“Rárá.”

“Báwo la ṣe máa mọ̀?”

Jẹ́jẹ́ rò ó. “Ọ̀gá, mi ò mọ bí ẹ ṣe máa mọ̀. Onígbàjámọ̀ ni mí. Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń gbójú sókè, tí mò ń fi abẹ sí wọn lọ́fun. Ẹ lè bi wọ́n.”

Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Láì mọ̀, ó fi ọwọ́ kejì pa ọrùn ara rẹ̀.

Wọn ò fún un, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Lẹ́tà tí wọ́n kọ ní kó mú ìwé mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kó sì máa retí. Ìretí náà gba ọdún kan ó lé díẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ló ní kí ọmọ òun bá òun bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n bá igbó nínú báàgì rẹ̀ bóyá òun lè rí i. Ọmọbìnrin náà ti ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Jẹ́jẹ́ dúró síwájú rẹ̀ láàárín àwọn páálí, ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́sí, òun ò lẹ́nu láti sọ ọ́, torí òun náà ti ṣe ohun tó ṣe. Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” oníbàárà kan sì pè é, ó lọ. Òun àti ọmọ Jẹ́jẹ́ kò padà di ọ̀rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lójú títì, wọ́n ti ń dúró kí ara wọn.

Nígbà tí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn dé, ìyàwó rẹ̀ ló já a. Ó kà á, ó sì jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù.

“Wọ́n ní kí ẹ wá búra ní ọjọ́ kẹsàn-án.”

Lọ́jọ́ náà, àwọn bí ogójì ni wọ́n dúró nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n na ọwọ́ sókè. Jẹ́jẹ́ ti rò pé bí òun bá ti búra tán, nǹkan á fúyẹ́ lójijì lára òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rò nípa ìyá rẹ̀, ó rò nípa bẹ́ǹṣì yẹn, ó rò nípa ọmọbìnrin tó ń ta bàtà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà pátá láì ṣì í sọ. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sunkún. Ó fún un ní áńkáṣíìfù.

Ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ́wọ́ sí i láti ẹ̀yìn pé kó yíjú, òun fẹ́ ya fọ́tò. Jẹ́jẹ́ yíjú. Ó hàn nínú fọ́tò náà pé ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gan-an ni.