Ọjọ́ tí Linnet Há

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá fi ìyẹn pamọ́, irọ́ ni gbogbo ìyókù á jẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi gbé inú ọkọ̀ onígi kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, tí gígùn rẹ̀ sì tó àádọ́rin. Nínú yàrá kóńkó tó wà ní ìdí rẹ̀ ni mo ti bí Rhoda, ibẹ̀ ni mo ti ń dáná, ibẹ̀ náà ni mo ti ń sùn, tí orúnkún Jabez ọkọ mi á máa gún mi ní ìhà. Linnet ni orúkọ ọkọ̀ náà. Bàbá Jabez ló fi í sílẹ̀ fún un, orí kunkun sì wà lára ogún yẹn.

Nígbà òtútù tó kọjá, mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níbi tí mo ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá omi, ìyẹn kòtò ológiri bíríkì tí omi ti ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi dá. Rhoda tó fẹ́ ọkùnrin orí ilẹ̀ ní Stoke ní yàrá kan ṣófo nínú ilé àwọn, pé ká wá máa bọ̀. Mo sọ fún Jabez, ó bọ́ síta lọ nu ẹ́ńjìnì. Ó di Sátidé, nínú ilé ọtí, níwájú ọlọ́kọ̀ méje, ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ tí Linnet bá há sínú yàrá omi ni màá sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá há, kí ẹnikẹ́ni má yọ mí lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ a máa yára ju ọkọ̀ lọ lórí omi tiwa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń bi mí láti orí ọkọ̀ wọn pé, "Ìyá Rhoda, Linnet ò tíì há?" Èmi náà á ní kò tíì há. Mo sì ń gbàdúrà pé kó há. Àdúrà náà kì í ṣe ti aláìnírònú, torí igi tó bá ti pẹ́ nínú omi, ìbàdí rẹ̀ a máa fẹ̀ bíi tèmi, ògiri àwọn yàrá omi náà sì ń tẹ̀ wọnú lọ́dọọdún. Ní àwọn ibi mìíràn, ìka méjì péré ló kù láàárín Linnet àti bíríkì. Bí a bá ti ń sún mọ́ irú ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ fa tìmùtìmù sókè, ìyẹn àwọn ìdì okùn tí a ń so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kó má baà máa gbá èbúté. Ọmọ ọdún márùn-ún lórí omi mọ ìyẹn. Iṣẹ́ ìyàwó sì ni.

Oṣù kọkànlá ni, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Ọkọ̀ wa ṣófo, a ń lọ kó èédú lókè Harrowby. Yàrá omi mẹ́rìnlá ló wà lórí òkè yẹn, èèyàn á máa gùn wọ́n bí àtẹ̀gùn: ọkọ̀ á wọlé, o ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, o ó ṣí ihò omi tiwájú, o ó dúró nínú òjò títí omi á fi gbé e sókè, o ó tún rìn dé èyí tó kàn. Ìkẹsàn-án ló fún jù. Nígbà tí a fi máa jáde nínú ìkẹjọ, ọrùn ọwọ́ mi ti ń dùn mí débi pé mò ń fi eyín fa okùn.

"Máa lọ níwájú, Thirza," Jabez ní, níbi tó dúró sí nídìí ìtọ́kọ̀. "Lọ ṣí ìkẹsàn-án dè mí. Mo ti fa tìmùtìmù sókè."

"Ẹ ti fà á? Ẹ̀yin?"

"Ṣé ọwọ́ mi rọ ni?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọwọ́ tó dá, tèmi kọ́. Máa lọ jàre."

Inú bí mi. Òun tó jẹ́ pé láàárọ̀ yẹn, ọwọ́ méjèèjì ló fi di ife tíì mú, tí díẹ̀ ṣì dà sí i láyà, tó ní òtútù ni. Mo kọ́ irin tí mo fi ń ṣí ihò omi sí bẹ́líìtì mi, mo ń gba ẹ̀bá omi lọ, mo ń bá ara mi jà.

Clem Tranter tó ń ṣọ́ òkè náà wà níbẹ̀, ó fi àpò ìdọ̀họ borí.

"Ẹ kú òjò, Ìyá Rhoda. Linnet ò tíì há?"

"Kò tíì há."

"Ẹ máa fún un lóúnjẹ dáadáa. Á sanra."

"Òun nìkan kọ́ ló ń sanra, Clem. Wo ikùn rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kan ṣí, ó sì lọ síwájú. Mo gba orí ilẹ̀kùn òkè kọjá sí òdìkejì. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí Linnet fi yọ lábẹ́ afárá, tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń bọ̀. Mo wá rí i. Tìmùtìmù kan ṣì so rọ̀ ní agbedeméjì ọkọ̀, lápá ọ̀dọ̀ mi, ó ń wọ́ nínú omi.

Mo ní àyè láti pariwo. N kò ní purọ́ fún yín pé kò sáyè. Mo lè ka ogún kí imú ọkọ̀ tó wọlé, mo tún lè ka ogún mìíràn kí agbedeméjì rẹ̀ tó dé ẹnu ògiri. Jabez dúró tó gbójú sókè sí mi, òjò ń kán létí fìlà rẹ̀. Mo la ẹnu mi. Mo rántí yàrá kan tó ní fèrèsé ní Stoke, bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní gún mi lórí rẹ̀, ilẹ̀ tí kì í mì. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó wọ̀, ó wọ̀, ó sì dúró. Igi han, gbogbo ife inú yàrá wa ró wàràwàrà. Ìdajì Linnet wà nínú, ìdajì wà níta. Jabez fi ẹ́ńjìnì fà á sẹ́yìn, èéfín dúdú bolẹ̀, kò mì. Clem sáré padà wá, ó so okùn mọ́ ọn, òun àti èmi fà á títí mo fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Wákàtí kan kọjá bẹ́ẹ̀.

"Bàbá," Clem ní jẹ́jẹ́, kò ṣàwàdà mọ́, "ó ti há."

Jabez pa ẹ́ńjìnì. Ó ṣí fìlà. "O rí i lójú ara rẹ?"

"Mo rí i."

"Kí o bá mi sọ fún wọn nílé ọtí."

Ohùn rẹ̀ kéré. Ojú tì mí. Ohun tí mo bẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi jí i mú, mo sì jí i lára arúgbó tí kò mọ nǹkan kan.

"Ẹ jẹ́ n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná," Clem ní.

"Lọ ṣí ihò omi tòkè, kí omi tì í padà," mo yára dáhùn. "Èmi á wo ẹ̀gbẹ́."

Bó ti yíjú, mo sọ̀ sínú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ létí rẹ̀ kí n lè tú tìmùtìmù náà kí ẹnì kankan tó rí i. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣègbéyàwó, ìso kan náà ni gbogbo wa ń so ó: o fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tú, torí àtifà á sókè kíá ni. Mo fà á. Kò tú. Mo tẹ orí ba kí n wò ó. Okùn tuntun ni, láti inú àpótí tí Jabez nìkan ń ṣí. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ta kókó lé kókó, ó sì rin ín lómi kó lè fún. Irú ìso tí wọ́n ń so nǹkan tí wọn ò fẹ́ kó tú láéláé.

Mo pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà mo wọlé lọ mú ọ̀bẹ búrẹ́dì, mo gé e.

Omi dé láti òkè, Linnet mì, ó sì yọ padà sẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Clem ń juwọ́. "Ẹ tún gbìyànjú, Bàbá! Bóyá ó kàn wọ́ díẹ̀ ni."

"Rárá," Jabez dáhùn. "Mo ti búra."

A so ọkọ̀ sẹ́bàá omi lábẹ́ ìkẹsàn-án. Mo po tíì. Òjò ń lu òrùlé, àwa méjèèjì jókòó, orúnkún kan orúnkún, torí kò síbòmíràn tí orúnkún lè lọ níbẹ̀.

"Ṣé o rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn?" ó bi mí.

"Kò sí nǹkan kan. Ògiri ló ti tẹ̀."

"Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni."

N kò lè gbé e mì. "Bàbá Rhoda, mo ti rí tìmùtìmù yẹn kí ẹ tó wọlé. Mo rí i, n kò pariwo."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹnu rẹ ni mo ń wò."

"Ká ní mo pariwo ńkọ́?"

"Ǹ bá dá ẹ́ńjìnì padà. Ǹ bá gé e. À bá ṣì jọ máa lọ."

Ó na ọwọ́ sí ife rẹ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, lọ́tẹ̀ yìí kò sọ pé òtútù ni. Mo bá a di ife náà mú títí ó fi mu tíì rẹ̀ tán.