Àtẹ̀gùn Orí

"Dókítà, orí ló ń dun ọmọ mi, ẹ̀yìn lẹ wá fẹ́ gún!"

Ọdún 1953 ni, ní ilé ìwòsàn. Túnráyọ̀, ará Ìdànrè, di Augustine ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Àrùn yírùnyírùn, tó ń bá awọ ọpọlọ jà, ti mú kí ọrùn ọmọ náà gan, kò sì mọ ìyá rẹ̀ mọ́.

"Ìyá Augustine, báwo lẹ ṣe ń gun Òkè Ìdànrè?"

"Àtẹ̀gùn là ń gbà. Ta ló lè gun àpáta bí alángbá?"

"Ẹ̀yìn ni àtẹ̀gùn orí. Omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni yóò gbé oògùn tuntun yìí dé ọpọlọ."

Túnráyọ̀ ké pe Olúwa, ó di ọmọ rẹ̀ mú pinpin títí abẹ́rẹ́ fi wọlé.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, bó ti ń kọrin ìyìn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ohùn kékeré kan sọ pé, "Màámi, ẹ fo ẹsẹ kan."

Tẹ̀rín tẹkún ló fi tún un bẹ̀rẹ̀.