Àáró Kàdírì

Bàṣírátù onísìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ta ni ẹnu ì bá tún yá tó bẹ́ẹ̀? Ó dúró níwájú ilé mi, ó ní, "Ìyá Misturat, ẹ ti gbọ́? Ẹgbẹ̀rún ilé nìjọba fẹ́ kọ́ sí Ṣakí níbí. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ẹ̀. Ẹ bá wa kó erùpẹ̀ yín kúrò lọ́nà." Mo ní kó rọra rẹ́rìn-ín, kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́ léyín.

Erùpẹ̀. Ó pe bíríkì ní erùpẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún ilé... wọn ò sì ní ra ẹyọ bíríkì kan. Ilé tí wọ́n bí mi sí, bíríkì ni. Orí amọ̀ tó pọ́n báyìí ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń retí tírélà sìmẹ́ńtì. Kí ló kàn mí? Òjò ló kàn mí.

Ó ń ṣú lápá Òfìkì. Bíríkì tútù ẹ̀yìnkùlé yìí, bí òjò bá bá a, ẹrẹ̀ ni. Bàbá Misturat, ọkọ mi, ló mọ ọ́n, òun ló tò ó jọ, ó fojú iná sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ku kó dáná sí i ni wọ́n sin ín.

Àmì àtàǹpàkò ẹ̀ wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń bi í pé, "Kí lẹ ń tẹ̀ ẹ́ fún? Ṣé yóò fi kún owó ẹ̀ ni?" Á ní, "Kí ìwọ Àmọ̀kẹ́ lè mọ tèmi nínú ti ayé." Mo máa ń ki àtàǹpàkò tèmi bọ̀ ọ́ — ó fẹ̀ jù mí lọ.

Yẹ̀kínì, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló yẹ kó wá bá a sun bíríkì náà. Àáró àwọn tó ń sun bíríkì nìyẹn: bá mi ṣọ́ iná tèmi, kí n bá ọ ṣọ́ tìẹ. Ọkọ mi ṣọ́ ti Yẹ̀kínì títí ó fi jinná. Yẹ̀kínì ò tíì san án. Èmi tí mo ń lé onígbèsè dé Ìjíò, mi ò bi í. Torí kò sẹ́ni tó máa rà á ni... Irọ́. Kí ló dé tí mi ò bi í?

Òun náà ló dé yìí, igi ìdáná ayìn lẹ́yìn ọ̀kadà. Kò wo ojú mi. "Ẹ má bínú, ìyá. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń bá wọn dà níbi ilé ìjọba. Ojú ló ń tì mí. Àáró Kàdírì ni mo wá san."

"Ta ló máa rà á?"

"Àáró kì í bèèrè ẹni tó máa rà á."

Òjò yà sí Òfìkì. Iná mú, ó jó, ó kú. Bíríkì ti pọ́n. Àmì náà ò parẹ́, ó le bí òkúta. Bàṣírátù ń kọjá, ó ń wò. Kò sẹ́ni tó rà.

Yẹ̀kínì ń gbọn eérú ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ó parí, ìyá."

Ìdí tí mi ò fi bi í nìyí. Bí Yẹ̀kínì bá ṣì jẹ ẹ́ ní àáró, ọkọ mi ṣì wà lára àwọn tí wọ́n ń retí lẹ́nu iṣẹ́...

Mo ní ó ṣeun.

Kàdírì. Mi ò forúkọ pe ọkọ mi rí. Ẹnikẹ́ni ò jẹ Kàdírì ní nǹkan kan mọ́.